Iná Ló Mọ Òwú

Màmá aláró náà ò bá mi jiyàn rárá. Ó tẹ́ aṣọ tí mo gbé wá sórí itan, ó fi ìka rà á wò, ó wá gbójú sókè bí ẹni ń wo ọmọ tí wọ́n rán níyọ̀ tó ra ṣúgà bọ̀. Ó fa fọ́nrán kan yọ létí aṣọ náà, ó ṣá ìṣáná sí i. Fọ́nrán náà ò jó bó ṣe yẹ kí òwú jó. Ńṣe ló kákò, ó yọ́, ó ṣù jọ di kóró dúdú kan tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Òórùn rẹ̀ gba abẹ́ àtíbàbà kan. Nígbà tí kóró náà tutù, ó jù ú sí mi látẹ́lẹwọ́. Ó le kókó.

"Ike lo gbé wá yìí, ọmọ mi," ni màmá wí. "Ike kì í gba aró."

Ìtòkú la wà, ní Abẹ́òkúta, níbi tí adìrẹ pọ̀ sí débi pé bí èèyàn bá rìn jìnnà, ojú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọ̀ aró lára ohun gbogbo. Ọjà kan l'Ékòó ni mo ti ra ọ̀pá márùn-ún aṣọ funfun náà. Ẹni tó tà á fún mi búra pé òwú pọ́ńbélé ni. Ó lè jẹ́ pé òun náà ò mọ̀. Èmi ni mo jẹ̀bi jù, torí dídán rẹ̀ ló wọ̀ mí lójú: kò rún, ọwọ́ ń yọ̀ lórí rẹ̀, funfun rẹ̀ mọ́ ju ti gbogbo aṣọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù náà lọ. Gbogbo ohun tó mú mi rà á gan-an ni àmì pé kò yẹ kí n rà á.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló gbé mi débẹ̀. Ó ń lọ pé ẹni 60 ọdún, mo sì ti pinnu pé n kò ní fún un ní ohun tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde. Ẹ mọ ohun tí à ń pín lóde àríyá nísinsìnyí: bọ́kẹ́ẹ̀tì, abọ́ oníke, kọ́ọ̀pù tí wọ́n tẹ àwòrán olóde sí. Mi ò ní bú bọ́kẹ́ẹ̀tì o. Ọ̀kan wà ní balùwẹ̀ mi tó ti ń sìn mí láti bí ọdún mẹ́jọ; ojú bàbá kan tó ti di olóògbé ni mo ń kí láràárọ̀ kí n tó bu omi. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ló pọ̀n mí, ló kó mi relé ìwé. Ìró adìrẹ ẹlẹ́kọ ni mo fẹ́ fún un, èyí tí wọ́n fi ọwọ́ yà, tí wọ́n fi ọwọ́ rẹ. Mo tiẹ̀ ti mọ ọnà tí mo fẹ́: Ìbàdàndùn, èyí tí òpó Gbọ̀ngàn Màpó máa ń wà nínú rẹ̀, tí ṣíbí sì máa ń wà láàárín òpó kan sí èkejì. Wọ́n ṣí gbọ̀ngàn yẹn ní 1929, àwọn aláró ò sì jẹ́ kó pẹ́ kí wọ́n tó fà á wọnú aṣọ. Ẹ̀yìn Màpó la dàgbà sí.

Mo mọ ọnà, mo mọ àwọ̀, mo mọ ẹni tí yóò ró o. Aṣọ tí gbogbo rẹ̀ yóò dúró lé lórí ni mo fi ìwàǹwára rà. Bẹ́ẹ̀ ló sì máa ń rí fún ọ̀pọ̀ nínú wa tó bá ń múra láti fi iṣẹ́ ọwọ́ ta ènìyàn lọ́rẹ. Ọnà la máa ń kọ́kọ́ rò, èròjà la máa ń ra nígbà tí àkókò bá ti tán, tí owó sì ti kù díẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ tó dára jù láyé kò sì lè wo èròjà tó bàjẹ́ sàn. Afárá ni èròjà. Ọnà ń gbà á kọjá ni.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ọ̀rọ̀ iná, torí ó wúlò fún ẹnikẹ́ni tó bá ń ra aṣọ, ì báà jẹ́ aláró, aránṣọ tàbí ẹni tó kàn fẹ́ hun fìlà fún ọkọ rẹ̀. Òwú ń jó kíákíá, iná rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, òórùn rẹ̀ dà bíi ti bébà tó jóná, eérú rẹ̀ sì fúyẹ́ tó fi jẹ́ pé atẹ́gùn ẹnu lásán á gbé e lọ. Sílíìkì àti irun àgùntàn ń rùn bí irun orí tí iná rà. Pólíẹ́sítà ń yọ́, ó ń di kóró. Èyí tó máa ń tan àwọn èèyàn jẹ ni àpòpọ̀: á kọ́kọ́ jó bí òwú, á ní eérú, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ìka pa eérú náà, ẹ ó rí i pé ohun líle kan há sínú rẹ̀. Bí olówó aṣọ kò bá fẹ́ kí ẹ ṣáná sí ọjà òun (mi ò sì dá a lẹ́bi), ẹ ní kó gé fọ́nrán méjì péré fún yín, kí ẹ mú un lọ sẹ́yìn ilé. Tàbí kí ẹ kán omi kan sórí aṣọ náà: òwú tí wọ́n ti fọ̀ á mu ún lójú ẹsẹ̀, ike á jẹ́ kó dúró bí ìrì lórí ewé kókò. Mo ní òwú tí wọ́n ti fọ̀, torí aṣọ tuntun sábà máa ń ní sítáàṣì lára láti ilé iṣẹ́ rẹ̀ wá. Ẹni tí kò bá kọ́kọ́ fọ ìyẹn kúrò, aró rẹ̀ á mú níbì kan, kò ní mú níbòmíràn.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni mo padà pẹ̀lú aṣọ mìíràn, èyí tó rún wúruwùru, tí kò dán, tí owó rẹ̀ sì pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Màmá ṣá ìṣáná. Fọ́nrán náà jó tán kí n tó ṣẹ́jú. Ó fẹ́ eérú rẹ̀, ó tú ká.

Orúkọ ẹlẹ́kọ máa ń jẹ́ kí àwọn èèyàn rò pé ògì ni wọ́n fi ń ṣe é. Láfún ni. Wọ́n máa ń ro ó lórí iná pẹ̀lú álọ́ọ̀mù títí á fi ki, á sì fà bí ẹ̀kọ gbígbóná tó fẹ́ dì. Ọ̀pá márùn-ún aṣọ náà ni wọ́n gé sí méjì, ọ̀pá méjì ààbọ̀ méjì, tí wọn yóò wá rán pọ̀ níkẹyìn kó tó di ìró. Wọ́n ṣẹ́ ẹ po kí àmì igun lè hàn, igun mẹ́rin-mẹ́rin, igun kan fún òpó, igun kan fún ẹyẹ, igun kan fún ewé. Ìyẹ́ adìyẹ ni ohun ìkọ̀wé. Ọmọbìnrin tó ya ti ẹ̀gbọ́n mi ò ju ẹni ọdún méjìlélógún lọ, kò sì gbé ojú sókè ní gbogbo ìgbà tí mo dúró tì í. Ó ń ti ìyẹ́ náà bọnú ẹ̀kọ, ó ń fà á tẹ̀ẹ́rẹ́ lórí aṣọ, ó ń nù ún létí abọ́, ó tún ń ti í bọ̀ ọ́. Níbi òpó kejì, ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n díẹ̀, òpó náà sì wọ́. Kò nù ún kúrò. Ó fi ṣíbí tẹ̀ lé e bí ẹni pé bó ṣe fẹ́ kó rí nìyẹn.

Ibi tí ẹ̀kọ bá ti dúró, aró ò ní wọ ibẹ̀. Gbogbo àṣírí adìrẹ kò ju ìyẹn lọ. Nínú oníko, ìko tí wọ́n fi so aṣọ ló ń dènà aró. Nínú alábẹ́rẹ́, òwú tí wọ́n fi rán an mọ́ra ni. Èyí tí wọ́n ń fi páànù tí wọ́n gé ọnà sí tẹ̀ yára ju ti ìyẹ́ lọ, iṣẹ́ ọkùnrin ni gígé páànù náà sì máa ń jẹ́. Kámpàlà ń lo àbẹ́là tí wọ́n yọ́. Ẹ kò ní pẹ́ mọ̀ wọ́n yàtọ̀ bí ẹ bá ti fi ọwọ́ kan ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ti aró gan-an ló gba sùúrù. Ewé ẹ̀lú ni wọ́n ń gún, tí wọ́n ń ṣù, tí wọ́n ń sá gbẹ. Lọ́tọ̀, wọ́n á to ìkòkò méjì lérí ara wọn, tòkè á lu nídìí, eérú á wà nínú rẹ̀, omi tí wọ́n bá bù lé e á máa kán tó, tó, tó sínú tìsàlẹ̀. Inú omi eérú yìí ni ẹ̀lú gbígbẹ ń wọ̀, tí yóò wà fún ọjọ́ mélòó kan títí á fi kan. Òórùn rẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣe àlejò. Ṣùgbọ́n kò sí bí wọ́n ṣe lè fò ó, torí àwọ̀ inú ẹ̀lú kì í yọ́ nínú omi lásán. Omi eérú àti kíkan yẹn ló ń tú u sílẹ̀ kó tó lè ráyè wọnú òwú. Ìdí nìyí tí aṣọ fi máa ń jáde nínú ìkòkò pẹ̀lú àwọ̀ ewé tó fẹ́ rọ, tí atẹ́gùn á wá sọ ọ́ di búlúù níṣojú ẹni, láti etí lọ sí àárín. Mo ti rí i tó ìgbà mẹ́rin. Mi ò tíì rí i kí n má dúró wò ó tán. Wọ́n á sá a, wọ́n á tún rì í, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí á fi dú bí òru, wọ́n á sì wá họ ẹ̀kọ kúrò.

Kì í ṣe òní ni ìjà lórí èròjà wọnú iṣẹ́ yìí. Láàárín àwọn ọdún 1930, nígbà tí ọrọ̀ ajé burú káàkiri ayé, ọjà adìrẹ Abẹ́òkúta wọmi. Àwọn kan di ẹ̀bi rẹ̀ ru sóódà alágbára àti aró òyìnbó tí àwọn aláró ti ń lò dípò eérú àti ẹ̀lú. Wọ́n ní òun ló ń ba aṣọ jẹ́. Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá fòfin dè é. Àwọn obìnrin aláró ò gbà. Wọ́n gba lọ́yà, wọ́n kọ̀wé ẹ̀hónú, ọ̀rọ̀ náà dé iwájú ìjọba àmúnisìn. Bí mo bá rántí ìtàn yìí, ọkàn mi máa ń pín sí méjì. Mo fẹ́ràn ẹ̀lú ju sóódà lọ, ẹ ti mọ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n ẹni tó dúró lójú oòrùn ti ìkòkò, tó ń wá igi àti eérú, tó tún ní ọmọ láti bọ́, òun ló mọ iye ọjọ́ tí sóódà ń dá padà fún un.

Lónìí, sóódà àti kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní háídírọ́ọ̀sì ló wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ agbada aró, ẹni tó bá sì lò ó dáadáa, tó ṣan aṣọ rẹ̀ dáadáa, iṣẹ́ gidi ló ṣe. Ohun tí mo kórìíra ni kí wọ́n ta ti sóódà fún mi lórúkọ ẹ̀lú. Èyí tó tún burú jù ú lọ ni àwọn aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà, tí wọ́n ń kó wọlé tí wọ́n ń pè ní adìrẹ. Ẹ wo ọnà rẹ̀ ní igun méjì tó yẹ kó jọra. Bí ẹyẹ ibí bá jọ ẹyẹ ọ̀hún láìyẹ̀ fọ́nrán kan, tí ìka ẹsẹ̀ wọn dọ́gba, ẹ̀rọ ni. Ọwọ́ ènìyàn kì í ya ẹyẹ kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Òpó ẹ̀gbọ́n mi tó wọ́ yẹn, òun ni ìwé ẹ̀rí aṣọ náà.

Irú ọ̀rọ̀ yìí wà nínú aṣọ òfì pẹ̀lú. A máa ń sọ pé sányán ni baba aṣọ, ọ̀pọ̀ nínú wa ò sì mọ̀ pé orúkọ èròjà ni sányán kó tó di orúkọ àwọ̀. Kòkòrò kan tó ń gbé lórí igi nínú igbó ló ń hun ilé rẹ̀. Àwọn èèyàn ń ká ilé náà, wọ́n ń sè é nínú omi eérú, wọ́n ń ran án lówùú, àwọ̀ ilẹ̀ gbígbẹ tí ẹ ń rí yẹn sì jẹ́ àwọ̀ tó bá a wáyé. Èyí tí wọ́n ń hun lónìí, òwú ilé iṣẹ́ tí wọ́n pa láró kó lè jọ ọ́ ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Kò burú, bí owó rẹ̀ bá ti sọ òtítọ́. Bí ẹ bá dé Ìsẹ́yìn, ẹ bi ahunṣọ léèrè òwú kí ẹ tó béèrè iye. Inú rẹ̀ á dùn. Àwọ̀ nìkan ni ọ̀pọ̀ oníbàárà máa ń béèrè, wọ́n á ní kó bá ti aago ọwọ́ ìyàwó mu.

Ẹ tún ro ọrùn ẹni tí ẹ fẹ́ fún. Ṣáìn-ṣáìn, òwú oníwáyà tó gbòde láyé tí owó epo rọ̀bì ń wọlé, ń tàn yanran nínú fọ́tò, ṣùgbọ́n ó ń họ àgbàlagbà lọ́rùn, ó sì ń gbóná. Bàbá tó ti lé ní 80 ọdún, tí kì í fẹ́ kí ohunkóhun wúwo lé òun léjìká, ẹtù tí wọ́n fi òwú gidi hun ni kí ẹ wá fún un, kí ọ̀pá rẹ̀ sì mọ níwọ̀n. Bí wọ́n bá ní ọmọ tuntun ni ẹ̀bùn náà wà fún, ẹ má ṣe fún un ní adìrẹ tuntun tí aró rẹ̀ ṣì ń yọ. Gbogbo ohun tí ọmọ bá rí ló ń fi sẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ igbá ló kù tí mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, torí mo ti rí ẹ̀bùn igbá tó pọ̀ tó di ohun tí wọ́n ń kó àlùbọ́sà sí. Àwọn tó ń fín igbá ní Ọ̀yọ́ máa ń fi ìka kan án kó tó di pé wọ́n gbé ọ̀bẹ. Igbá tí wọ́n ká kó tó gbó á hunjọ bó bá gbẹ, ara rẹ̀ á tẹ́, ọ̀bẹ á wọ̀ ọ́ kọjá. Èyí tó gbó ń dún gbangba, ara rẹ̀ nípọn yíká. Wọ́n á là á, wọ́n á rì í sómi títí inú rẹ̀ á fi jẹrà, wọ́n á ha á mọ́, wọ́n á sá a. Bí ẹ bá ń ra igbá onídèérí, ẹ yí ọmọrí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lórí ìyá rẹ̀. Igbá kan náà ni wọ́n là sí méjì, nítorí náà ojú kan ṣoṣo ló yẹ kí ó ti jókòó pé. Bó bá ń mì ní gbogbo ojú, wọ́n ti fi ọmọ onílé tẹ̀ lé ìyá àjòjì. Bí ẹni tí ẹ fẹ́ fún bá fẹ́ máa fi jẹun, kí inú rẹ̀ má ní fáníìṣì. Ìta ni fáníìṣì mọ.

Ẹni tó ń ránṣẹ́ sí òkè òkun ní òfin mìíràn láti rò. Ọ̀rẹ́ mi kan béèrè bóyá kí òun fi ìkóódẹ ṣe ọ̀ṣọ́ sára ohun tí òun fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àbúrò òun ní Lọ́ńdọ̀nù. Mo ní kó má dán an wò. Láti 2016 ni àwọn orílẹ̀-èdè ti fẹnu kò láti fi odídẹrẹ́ sí ìpele tó le jù nínú àdéhùn lórí títa ẹranko igbó kọjá ẹnubodè, ìyẹ́ rẹ̀ náà ò sì yọ sílẹ̀. Eyín erin kò tilẹ̀ ṣe é dárúkọ. Aṣọ ni kí ó fi ránṣẹ́. Ó ti pẹ́ tí aṣọ wa ti ń rin ìrìn náà: ní Bàhíà, ní Brazil, aṣọ òfì tí wọ́n ń kó láti apá ọ̀dọ̀ wa lọ ní nǹkan bí 150 ọdún sẹ́yìn ni wọ́n ń pè ní pano da costa, aṣọ tó ti etíkun wá, àwọn obìnrin sì ń gbé e lé èjìká.

Ẹ má bi mí ní iye tí ìró náà ná mi. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á, mo sì tún san owó ìmọ̀: ọ̀pá márùn-ún ike funfun wà nílé tí mi ò tíì mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Ìyàwó mi ti ní kí n fi ṣe kọ́tìnì.

Ẹ̀gbọ́n mi gba ìró náà lọ́jọ́ tó pé 60. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó fi ìka tọ òpó tó wọ́ yẹn láti òkè délẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ká a, ó gbé e sínú àpótí. Oṣù kan kọjá kó tó pè mí lórí fóònù.

"Àbúrò, mo ti fọ aṣọ yìí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, omi rẹ̀ ṣì ń di búlúù."

"Ẹ ṣì máa fọ̀ ọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Omi tútù ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, lóun nìkan. Á dẹwọ́."

"Wọ́n ní kí n fi iyọ̀ sí i."

"Ẹ fi iyọ̀ yín sọ́bẹ̀, mà."

Ó dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá jẹ́wọ́ pé omi búlúù náà ṣe òun láàánú láti dà nù, òun sì ti ki àpò ìrọ̀rí funfun méjì bọ inú rẹ̀, ó sùn síbẹ̀ mọ́jú. "Ọ̀kan ti di aláwọ̀ ojú ọ̀run, díẹ̀ báyìí. Ìkejì funfun báláú, bí mo ṣe rì í náà ni mo yọ ọ́. Ibì kan náà ni mo ti rà wọ́n o, wọ́n sì ní òwú ni méjèèjì."

Mo bi í bóyá ìṣáná wà nítòsí.